Mọ́tò Mi Gan, Móínmóín Ló Gbà Wá

Bí ẹ bá gbọ́ ẹnu mi lọ́dún tí mo ra mọ́tò oníná yẹn, ẹ ó rò pé èmi ni mo rọ ọ́. Kò sí ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Chicago tí n ò tíì fi owó epo ṣe yẹ̀yẹ́.

Àfi ọjọ́ Àìkú kan lóṣù Kìíní ọdún 2024. Òtútù ti lé ní 20 lábẹ́ òdo ní ìwọ̀n Celsius. Èmi àti màmá ìyàwó mi, tí wọ́n wá láti Ìbàdàn wá bá wa wẹ ọmọ, la ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Milwaukee, nǹkan bí 90 máìlì. Màmá ti se móínmóín kún kúlà kan bámúbámú.

Ìta gbangba ni mo páàkì mọ́tò sí mọ́jú, n ò sì ki wáyà bọ̀ ọ́. Ṣebí iná tó lè gbé wa rin 150 máìlì ló ṣì wà nínú ẹ̀ lálẹ́? Nígbà tílẹ̀ mọ́, 110 ló kù. Mo ní kò burú, a ó débẹ̀.

A ò tíì rin 30 máìlì tí 110 fi di 45. Mọ́tò elépo, ooru ẹ́ńjìnnì ló fi ń mú inú ọkọ̀ gbóná, ọ̀fẹ́ ni. Tèmi, inú bátìrì kan náà ló ti ń fa ohun gbogbo. Ni mo bá rọra pa hítà.

"Bàbá Ayọ̀, irú atẹ́gùn wo lẹ tàn yẹn?"

"Mo pa hítà ni, Mà. Ká lè débẹ̀."

"Ká lè dé ibo? Ọ̀run?"

Màmá fa kúlà láti ẹ̀yìn, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ṣí i, wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín ewé móínmóín. Oru ata bo gbogbo gíláàsì, n ò rí títì mọ́. Dandan ni mo tún tan hítà.

Ìlà gígùn la bá níbi tí wọ́n ti ń gbaná. Màmá wò ó títí. "Háà! Bẹntiróòlù wọ́n níbí náà?"

Nígbà tó kàn wá, odidi 40 ìṣẹ́jú, ìdá 4 péré nínú 100 ló wọlé. Òyìnbó tó wà lẹ́yìn wa ló là mí lóye: bátìrì tó tutù kì í gbaná kíákíá, mọ́tò fúnra ẹ̀ ló ń sé e kí bátìrì má bàa bàjẹ́. Àṣé bí epo pupa inú ìgò lásìkò ọyẹ́ ni, ẹ dojú ẹ̀ dé títí, kò ní dà. Ó ní bí mo bá ti fi ibi ìgbaná sínú máàpù ọkọ̀ ni, mọ́tò ì bá ti máa mú bátìrì lọ́wọ́ọ́rọ́ bọ̀ lọ́nà. Èmi tí mo mọ ọ̀nà Milwaukee bí ẹní mọ ọ̀nà bálùwẹ̀ ilé ẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi máàpù ṣe?

Màmá fún un ní móínmóín méjì. Ó tọ́ ọ wò, ó lọ pe ìyàwó ẹ̀ wá. Kò pẹ́, ìlà móínmóín gùn ju ìlà iná lọ.

Àga ni wọ́n ń tò jọ nígbà tá a dé Milwaukee. Ìyá ìkókó yọjú wo kúlà. "Màmá, móínmóín dà?"

"Òun la fi ra iná."

Màmá ti padà sí Ìbàdàn báyìí. Bí ìgbà òtútù bá ti dé, alaalẹ́ ni wọ́n ń pè mí lórí WhatsApp, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè ọmọ: "Bàbá Ayọ̀, ṣé ẹ ti ki wáyà bọ mọ́tò yẹn?" Inú òkùnkùn ni wọ́n sì máa ń wà, torí wọn ò tíì ríná láti ìjẹta.