Àjẹsára DNA fún HIV àti Àwọn Tó Fi Apá Wọn Sílẹ̀ fún Un

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lọ, nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ àjẹsára HIV bá délẹ̀, ni pé ṣé kì í ṣe kòkòrò náà gan-an ni wọ́n ń fi sí àwọn èèyàn lára níbi ìdánwò. Rárá o. Kò sí kòkòrò HIV kankan nínú àjẹsára DNA, ì báà jẹ́ alààyè tàbí òkú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni òrùka kékeré tí a fi DNA ṣe (èròjà tí ìlànà iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀), tí wọ́n ń pè ní plasmid, tí wọ́n ti fi ìlànà ṣíṣe purotéènì kan tàbí méjì lára kòkòrò náà sí. Bébà tí télọ̀ fi ń gé aṣọ ni ká fi wé. Kò sẹ́ni tó lè wọ bébà náà jáde. Bí DNA yìí bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún yóò ṣe purotéènì náà, àwọn ọmọ ogun ara yóò sì ti dá a mọ̀ kí ọ̀tá gan-an tó dé.

Ní 1990, Jon Wolff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin fi hàn pé bí a bá gún DNA lásán sí iṣan eku, iṣan náà yóò ṣe purotéènì tí DNA náà júwe. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, ikọ̀ David Weiner ní Pennsylvania ti ń dán ti HIV wò lára èèyàn. Kò ṣe wọ́n ní jàǹbá, ṣùgbọ́n ohun tó múná lára eku kò fi bẹ́ẹ̀ múná lára ọmọ ènìyàn, nítorí DNA tó ń ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì wa kéré púpọ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Dar es Salaam, ní Tànsáníà, lórí ìṣòro yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ọgọ́ta èèyàn, ọlọ́pàá, ló yọ̀ọ̀da ara wọn fún ìdánwò HIVIS03, tí Yunifásítì Muhimbili ti ìlú náà àti Karolinska, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Stockholm ti Sweden, jọ ṣe. Ẹ̀rọ tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ ti oògùn wọlé, ni wọ́n fi fún wọn ní DNA náà. Àwọn kan gba mílígíráàmù 3.8 sínú iṣan, àwọn kan gba 1 péré sínú awọ ara, àwọn yòókù sì gba èyí tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi MVA, kòkòrò aláìlágbára láti ìran èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjẹsára olóde, ti DNA náà lẹ́yìn. Ara ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló jí sí i, àwọn tó gba ìwọ̀n kékeré sínú awọ kò sì rẹ̀yìn rárá.

Àmọ́ kí ara jí sí nǹkan yàtọ̀ sí kó dáàbò boni. PrEPVacc ló fi èyí hàn, ìdánwò tí Pontiano Kaleebu ti Ùgáńdà darí, tí ènìyàn 1,512 kópa nínú rẹ̀ ní Ùgáńdà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà. DNA wà nínú àjẹsára méjèèjì tí wọ́n dán wò. Ní ìparí 2023, wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró, nítorí àwọn tó ń ṣọ́ àbájáde rẹ̀ rí i pé kò dà bí ẹni pé yóò dènà àrùn náà. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ láìfi nǹkan bò.

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ tó. Ẹni tó gba irú àjẹsára yìí lè ní àwọn èròjà ààbò ara tí àyẹ̀wò HIV lásán yóò kà sí àrùn, nígbà tí kò ní in rárá. Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe fún ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó, tàbí tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀! Àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ló lè gbà á sílẹ̀. Ẹ̀yà HIV tó pọ̀ ní Nàìjíríà, G àti CRF02_AG, yàtọ̀ sí C tó gbilẹ̀ ní gúúsù Áfíríkà, nítorí náà ó yẹ kí a ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ tiwa náà. Bí ó bá dé, kí àyẹ̀wò yẹn ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ká apá aṣọ sókè.