Ìgbà tí mo yọ marginBottom kúrò lára gbogbo nǹkan

Màámi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ o, kì í ṣèmi. Áàpù tí mo ń kọ fáwọn tó ń dá àjọ, ó ti pẹ́ tí mo ti fi sórí fóònù wọn, wọn ò ráhùn rí, àfi lọ́jọ́ Sunday kan tí wọ́n pè mí wá sí pálọ̀, wọ́n na fóònù sí mi, "Kí lo kọ síbí? Ṣé kì í ṣe 'Fi owó sílẹ̀' ló yẹ kó jẹ́ ni? O kọ 'sile', àmì tó wà lábẹ́ ẹ̀ dà?" Mo ní màámi, àmì wà níbẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n ní ó dáa, kí n wá gba gíláàsì àwọn.

Mo wò ó, òótọ́ ni. Bọ́tìnnì ti gé àmì abẹ́ ẹ jẹ. Màámi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ́n ti wọ inú settings fóònù wọn, wọ́n fa ìwọ̀n lẹ́tà dé ìparí, èmi sì ti kọ height: 44 (gíga tí kì í yí padà) sí bọ́tìnnì mi, mo tún fi overflow: 'hidden', tó ń gé ohun tó bá yọ síta, kún un torí kí igun ẹ̀ lè rí róbótó. Lẹ́tà ń tóbi, bọ́tìnnì ò kúrò lójú kan. Tó bá jẹ́ "Save" ni mo kọ síbẹ̀ mi ò ní mọ̀ láéláé, ṣùgbọ́n "ẹ̀" ń gbé ẹrù lórí ó tún ń gbé nísàlẹ̀. Mo yọ height, mo fi minHeight: 44 (kò gbọ̀dọ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀, ó lè ga jù bẹ́ẹ̀) rọ́pò ẹ̀ pẹ̀lú paddingVertical (àyè lókè àti nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀), ó tán. Ìṣẹ́jú méjì.

Ibi tí wàhálà ti wá ni pé mo ti ṣí fáìlì style yẹn, níbi tí mo ti ń kọ bí nǹkan ṣe máa rí lójú áàpù, mo sì rí ohun tí mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí. Ojú tì mí. 13 wà níbẹ̀, 17 wà níbẹ̀, ibì kan wà tí mo kọ 15.5, ta ni mo ń bá dọ́gba?

Èyí tó burú jù ni marginBottom, àlàfo tí nǹkan ń fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ara ẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ áàpù yìí, React Native, irinṣẹ́ tí mo fi ń kọ ọ́, ò tíì ní gap (àlàfo láàárín àwọn nǹkan tó wà nínú àpótí kan), inú ẹ̀dà 0.71 ló ti dé ní January 2023, nítorí náà gbogbo káàdì ló ń gbé marginBottom: 12 tiẹ̀ kiri. Káàdì tó kẹ́yìn wá ń fi àlàfo tí ò wúlò sílẹ̀ nísàlẹ̀, mo bá lọ kọ index === members.length - 1 ? 0 : 12, ìyẹn ni pé èyí tó kẹ́yìn gba 0, àwọn yòókù gba 12. Ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo fẹ́ lo káàdì kan náà níbi tí wọ́n ti máa tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo tún kọ style míì tó ń pa marginBottom yẹn, tó sì ń fi marginRight: 8 (àlàfo apá ọ̀tún) sí i, èyí tó kẹ́yìn ò sì gbọdọ̀ ní marginRight, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ.

Ẹ wò ó, àga kì í gbé àyè tiẹ̀ wá sóde. Ẹni tó ń tò wọ́n sábẹ́ kánópì ló mọ bí wọ́n ṣe máa jìnnà síra. Mo yọ margin kúrò lára gbogbo káàdì pátá, mo kọ gap: 12 sára View, àpótí tó kó wọn sínú, index yẹn sì dàwátì. (Tó bá jẹ́ ScrollView, ìyẹn àpótí tó ṣeé fi ìka fà sókè sísàlẹ̀, inú contentContainerStyle ni ẹ máa kọ ọ́ sí o, kì í ṣe style, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi wá ìyẹn.) Ọ̀rẹ́ mi tó ń lo Flutter, irinṣẹ́ míì tí wọ́n fi ń kọ áàpù, ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo ní kó lọ ka iye SizedBox(height: 12), àpótí òfìfo tí wọ́n fi ń ṣe àlàfo, tó wà nínú kóòdù tiẹ̀, àwọn tí Row àti Column wọn (èyí tó ń to nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn àti èyí tó ń tò wọ́n léra wọn) ò ní spacing, ìyẹn gap tiwọn, àfìgbà tí ẹ̀dà 3.27 dé ní December 2024.

Ohun kan tún kù, orúkọ. Ẹni tó ń jẹ́ Bọ́lá, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n tí Olúwafúnmiláyọ̀ bá tún fi orúkọ ọkọ tì í, owó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á jáde kúrò lójú fóònù. Width: 180 ni mo fi ń dè é tẹ́lẹ̀. Lórí web, flexShrink, tó ń jẹ́ kí nǹkan fún ara ẹ̀ tí àyè ò bá tó, ti wà ní 1 fúnra ẹ̀, nínú React Native 0 ni, nítorí náà ọ̀rọ̀ ò ní sún fún ẹnikẹ́ni àfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un. Mo kọ flexShrink: 1 sára orúkọ, ó ṣẹ́ sí ìlà kejì, owó sì dúró síbi tó wà.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tí mi ò tíì lè yọ, marginTop: -3 kan, tó ń fa nǹkan sókè díẹ̀, lójú ìwé login. Mi ò rántí ìdí tí mo fi kọ ọ́. Mo ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni logo wọ́ lọ sísàlẹ̀ bíi pé ẹnì kan tì í. Ó ṣì wà níbẹ̀.