Bí a ṣe ń béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ akẹgbẹ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ ẹ̀dá-èdè

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yọ́, ohùn inú èdè Yorùbá ni mo sì ń ṣèwádìí lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa mọ̀ ni pé akẹgbẹ́ tí iṣẹ́ tirẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ tọkàntọkàn, bí ìbéèrè wọn bá mọ níwọ̀n ohun tí ó lè dáhùn ní ìjókòó kan. Ẹni tí ó kọ̀wé pé kí ẹlòmíràn bá òun wá gbogbo ìwé lórí ohùn Yorùbá ti gbé ẹrù ka onítọ̀hún lórí.

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lórí ìpajẹ fáwẹ̀lì, ìyẹn bí a ṣe ń yọ ọ̀kan kúrò nígbà tí fáwẹ̀lì méjì bá pàdé, mo kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí wọ́n jù mí lọ dáadáa. Lẹ́yìn ìkíni, tí kò yẹ kí ọmọ Yorùbá fò láé, mo sọ ohun tí mo fẹ́ gan-an: bí a bá pa fáwẹ̀lì jẹ nínú "ó rí igbá" àti "ó rí ìgbá", ǹjẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ ti ìgbá tí à ń jẹ ṣì ń fa ohùn òkè tí ó tẹ̀ lé e wálẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Ọ̀yọ́, tí a fi lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí igbá tí àwọn onígbá ń fín? Mo fi kún un pé mo ti ka iṣẹ́ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1966, kí wọ́n má baà tún máa júwe rẹ̀ fún mi. Kíá ni èsì dé.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má fi ti WhatsApp ránṣẹ́, nítorí ó máa ń gé lára ohùn kí ó lè fúyẹ́. Fáìlì WAV ni kí ẹ lò, kí ẹni náà lè ṣí i nínú Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ ohùn wò, kí ó sì fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ìlà ohùn ti gòkè tàbí tí ó ti wálẹ̀. PDF ni kí ẹ fi àpẹẹrẹ sí, kí àmì ohùn má baà dàrú lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ abẹ́nà ìmọ̀ yín, ìyẹn àwọn tí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Èmi ni àwọn ìyá tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ọjà Akẹ̀sán gbà láyè láti gba ohùn wọn. Bí n óò bá fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo ní láti padà lọ bi wọ́n.

Bákan náà ni ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo béèrè iṣẹ́ kíláàsì kan ṣoṣo lọ́wọ́ akẹgbẹ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní tí Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi àmì ohùn sí i. Ó ní òun máa ń pe onídùndún wá, yóò fi ìlù sọ gbólóhùn kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Èmi náà fi àwọn ohùn tí mo ní àṣẹ lórí wọn ránṣẹ́ sí i fún kíláàsì tirẹ̀.

Bí èsì bá ti pé, mo máa ń kó o jọ, n óò kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ, n óò sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ó dáhùn. Kí àpilẹ̀kọ náà tó lọ fún ìtẹ̀jáde, mo tún máa ń béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ kí n kọ orúkọ wọn síbi ọpẹ́.