Kílọ́ọ̀ṣì tó rọ̀: afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí

Bí ẹ bá ń wa ọkọ̀ onígíà ní Abẹ́òkúta, ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì kì í sinmi. Láti Kútọ̀ títí dé Ìtòkú tí mo ti ń ta àdìrẹ, òkè ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, gosiló ni. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá rọ̀ lórí irú ilẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá.

Ohun tí Corolla mi ń ṣe nìyí: bí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan, gíà kìíní ò ní wọlé, rìfáàsì á sì máa han. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mẹkáníìkì kan ní kí n wá owó pléètì (àwo tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà), pé àfi ká sọ gíà kalẹ̀. Mi ò gbà. Tí pléètì bá ti jẹ, ẹ́ńjìnnì ló máa ń pariwo tí ọkọ̀ ò sì ní lè gun òkè. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá ń jí nígbà tí ẹ bá pọ́ǹpù ẹ̀, ẹ wo ọ̀nà ọ́ìlì ẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí pléètì.

Sìlíńdà òkè ló ń ti ọ́ìlì gba inú páìpù lọ bá sìlíńdà ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà. Ọ́ìlì kì í sún pọ̀, nítorí náà gbogbo agbára ẹsẹ̀ yín ló ń dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ó máa ń fún pọ̀ bíi tìmùtìmù ni, ẹsẹ̀ á kanlẹ̀, pléètì ò sì ní tú sílẹ̀ dáadáa.

Afẹ́fẹ́ ọ̀hún ò sì ṣàdédé dé ibẹ̀. Mo ṣí rọ́bà tó bo ẹnu sìlíńdà ìsàlẹ̀, ọ́ìlì ṣàn sí mi lọ́wọ́. Wáṣà inú ẹ̀ ti lọ, mo sì kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ yẹ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wò náà, níbi tí pẹ́dà ti so mọ́ sìlíńdà òkè. Bí ẹ bá fa afẹ́fẹ́ jáde láì tún ojú ibi tó ń jò ṣe, iṣẹ́ òfo ni.

Ní ti ọ́ìlì, ọ́ìlì búréèkì náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń lò. Ẹ ka irú èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí ife tó wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, tí ọ́ìlì ẹ̀ ń wà: DOT 3 ni àbí DOT 4. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, ẹ má bu ti sítíárì. Á mú kí gbogbo rọ́bà inú ẹ̀ wú ni. Ìgò tí wọn ò tíì ṣí ni kí ẹ rà, torí ọ́ìlì búréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. DOT 3 tuntun kì í hó títí á fi gbóná dé 205°C ó kéré tán, ṣùgbọ́n tó bá ti mu omi, 140°C lè mú un hó.

Mo fi òkúta há táyà nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àgbàlá wa, mo sì gbé ọkọ̀ lé sítáǹdì. Ríngì sípánà ni mo fi tú nípùlù, ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lára sìlíńdà ìsàlẹ̀, torí èyí tó lanu máa ń jẹ ẹ́ lórí. Mo ki rọ́bà tó mọ́ gaara bọ ẹnu nípùlù, mo ri ìdí ẹ̀ kejì sínú ọ́ìlì tó wà nínú ìgò. Ọmọ mi obìnrin wà lórí síìtì.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, Mọ́mì."

"Dì í mú o, má tíì gbẹ́sẹ̀."

Mo tú nípùlù díẹ̀. Ọ́ìlì dúdú kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ìfófòó ń to tẹ̀lé ara wọn nínú rọ́bà, kéékèèké, tí ńlá kan á tún gba àárín wọn kọjá. Mo dì í pa, mo ní kó gbẹ́sẹ̀. Pẹ́dà lè má dìde fúnra ẹ̀. Kó fi ẹsẹ̀ gbé e sókè ni. Bó bá gbẹ́sẹ̀ nígbà tí nípùlù ṣì wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ á tún padà wọlé. Bí ife bá sì gbẹ lókè, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ ni, nítorí náà mò ń dìde lọ kún un ṣáá. Omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: ọ́ìlì yìí máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀, kíákíá ni kí ẹ fi omi ṣàn án.

Ìgbà tí ọ́ìlì ń jáde ní mímọ́ láìsí ìfófòó mọ́, pẹ́dà le. Rìfáàsì wọlé láìké.

Ẹ fi ilà sí ara ife ibi tí ọ́ìlì dúró sí, kí ẹ tún ṣí bónẹ́ẹ̀tì wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bó bá ti lọ sílẹ̀, ó ṣì ń jò níbì kan, ẹ wá owó sìlíńdà.