Etí àgbà, ọpọlọ àgbà: ohun tí mo kọ́, ẹ̀yin àbúrò mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ etí àwọn àgbà wò ní Ọ̀yọ́ níbí, ẹ má gbára lé rẹ́sọ́ọ̀tì inú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ nìkan o. Màmá méjì lè ní rẹ́sọ́ọ̀tì kan náà, kẹ́ ẹ wá bá wọn dé ọjà Akẹ̀sán tí ọ̀kadà ń fọn fèrè tí jẹnẹrétọ̀ ń dún, ọ̀kan á máa bá yín tàkúrọ̀sọ lọ, èkejì á kàn máa mi orí. Ọpọlọ wà níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mú títí ìparí ẹ̀ á fi dé, kó tún ti ariwo yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Tí etí bá ń dàgbà, àwọn ìró tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ máa ń lọ, láti bíi 2000 Hz (ìyẹn ìró tó ń gbọ̀n nígbà 2000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sókè, ibẹ̀ sì ni s, f, ṣ, t pọ̀ sí. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ inú Yorùbá wa, ìró tó rinlẹ̀ ló gbé e, ìyẹn ṣì ń wọlé fún wọn dáadáa. Ẹ wá pe ẹ̀fọ́, ẹ̀tọ́, ẹ̀ṣọ́ fún bàbá ẹni ọdún 80, gbogbo ẹ̀ lè dún bákan náà létí wọn. Wọ́n gbọ́ o, àmọ́ èwo nínú ẹ̀? Wọ́n á wá máa fi làákàyè wá a, agbára ọpọlọ tó yẹ kí wọ́n fi rántí nǹkan ló ń lọ síbẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá ní "ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀", kíá ni wọ́n ti mú un, torí wọ́n gbọ́ èdè jù wá lọ.

Ó máa ń dùn mí gan-an tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú fáìlì pé bàbá kan ti ń ṣarán, torí pé kò rántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n pè fún un láti fi dán ìrántí ẹ̀ wò. Ṣé ó tiẹ̀ gbọ́ ọ? Ẹ ní kó pè é padà lójú ẹsẹ̀ ná, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ìdọ̀tí ló dí etí. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn, gbé kalẹ̀, lọ́dún 2024 ka àìgbọ́ràn mọ́ nǹkan 14 tó ń dá kún ìṣarán tá a sì lè wá nǹkan ṣe sí, ìdí tó fi yẹ ká tètè tọ́jú etí nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pariwo mọ́ wọn, fáwẹ̀lì (ìró bíi a, e, i) nigbe ń gbé sókè jù, kì í ṣe s àti f tí wọn ò gbọ́. Ẹ kọjú sí wọn kí wọ́n rí ẹnu yín, "Màmá, ọ̀rọ̀ oògùn yín ni o", ẹ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹni tó bá sì gba ẹ̀rọ etí, ẹ bá àwọn ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ pé ariwo àyíká náà máa ń bá ọ̀rọ̀ wọlé, ó máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọpọlọ tó mọ́ ọn lára, kí wọ́n má lọ jù ú sínú dúrọ́ọ̀ o.