Bí a ṣe ń ṣètò ìrìn àjò Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Bàbá àti Ìyá

Ní ìparí oṣù kọkànlá tí ń bọ̀ yìí, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, èmi àti àbúrò mi obìnrin fẹ́ gbé Bàbá àti Ìyá wa jáde ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, kí a fi mọ́tò tí a háyà gba Ìtakété àti Pobẹ̀ dé Kétu, kí a sì ti ibẹ̀ lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) lọ wo àwọn òkè. Àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Eékún, oorun ọ̀sán, àti àwọn ẹbí tí wọn kò lè kọjá níwájú ilé wọn láìyà kí wọn ni yóò sọ ibi tí mọ́tò yóò ti dúró. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yọ èyí tí ó pọ̀ jù kúrò nínú àwọn ibi tí a dárúkọ.

Ìgbà ni ó kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀. Bàbá fẹ́ kí a lọ ní oṣù kẹjọ nítorí pé àwọn ọmọ-ọmọ wọn wà ní ìsinmi nígbà náà, ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ náà ni àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà máa ń rọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo ní Ìdáàṣà (Dassa) fún àjọ Màríà, ibùsùn a sì ṣòro rí ní agbègbè náà. Òjò kì í sì í tíì dáwọ́ dúró ní ìhà àwọn òkè nígbà náà. Bí a bá sì dúró di oṣù kìíní, ọyẹ́ yóò ti bo ojú sánmà, eruku rẹ̀ a sì máa fi òkè pamọ́ fún ẹni tí ó tìtorí rẹ̀ wá. Ìparí oṣù kọkànlá ni ó bọ́ sí àárín: ilẹ̀ ti gbẹ, iná kò tíì jó koríko tán, ojú sì ń ríran jìnnà. Ohun kan ṣoṣo tí a pàdánù ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nítorí pé láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Ìyá ní kò bí àwọn nínú, pé àwọn ti ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí wọ́n tó bí wa.

Ní ti mọ́tò, ẹnu wa kò kọ́kọ́ kò. Àbúrò mi fẹ́ ọkọ̀ ńlá gíga irú èyí tí àwọn ọ̀gá ìjọba ń gùn. Èmi ní kí a mú Ìyá lọ jókòó nínú rẹ̀ ná kí a tó san owó kankan. Ìyá di ilẹ̀kùn mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, eékún òsì kọ̀ láti tẹ̀ lé e, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé àpótí ni ẹ ó máa gbé tẹ̀ lé mi káàkiri?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gíga parí sí. Mọ́tò kékeré tí ó rẹlẹ̀ kò sàn jù ú lọ, nítorí pé jíjókòó sínú rẹ̀ rọrùn, dídìde ni iṣẹ́. Èyí tí a mú nígbẹ̀yìn ni èyí tí ìjókòó rẹ̀ ga dé ìbàdí Ìyá bí wọ́n bá dúró tì í, tí ó ní ohun ìdìmú lókè ilẹ̀kùn, tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kì í sì í kú bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan.

A gba awakọ̀ mọ́ ọn. Ó wọ́pọ̀ níhìn-ín kí wọ́n fi awakọ̀ ti mọ́tò tí a háyà, owó ọjọ́ kan láàárín ìlú kì í sì í ṣe owó ọjọ́ kan lẹ́yìn ìlú; ẹ béèrè méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tí yóò ra ẹsáǹsì, ẹni tí yóò bọ́ awakọ̀, àti ibi tí yóò sùn. Mo lè wa ọkọ̀ fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ wà lójú títì kò lè bá bàbá rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, àwọn òkìtì tí wọ́n mọ sójú ọ̀nà ní ẹnu abúlé sì ń fẹ́ ẹni tí ó ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Mo fi ojú ara mi wo ọjọ́ tí ìwé asuráǹsì àti ìwé àyẹ̀wò mọ́tò yóò parí, mo ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí n fọwọ́ tẹ táyà àfipamọ́, mo sì fi fóònù ya gbogbo ibi tí ara ọkọ̀ ti họ, kí owó ìdógò wa má baà di ìjà. Ẹsáǹsì inú ìgò tí wọ́n ń tà létí títì, èyí tí a ń pè ní kpayó, a kò ní fi kan ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu lé ní kìlómítà 100, ọ̀dà sì ni. Ilẹ̀ pupa àti igi ọ̀pẹ ni ojú ń rí lọ́tùn-ún lósì, kò sì yani lẹ́nu pé Pobẹ̀ ni wọ́n gbé ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sí ní 1922. Lẹ́yìn Pobẹ̀, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú, nítorí pé a ti wọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nìyẹn. Amọ̀ dúdú yìí, bí òjò bá rọ̀, a máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àti táyà; bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a sán títí ọwọ́ fi lè wọ inú rẹ̀. Kí ọ̀dà tó dé, òun ni odi àwọn ará Ọ̀họ̀rí, àwọn Faransé tí wọ́n bá jà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní àwọn fẹ́ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Mo ti kọ ọ́ sínú ètò.

Kétu ni a ó ti sùn, kì í ṣe nítorí pé ọ̀nà jìn, bí kò ṣe pé ìdílé ìyá Ìyá wa wà níbẹ̀, kò sì sí kíkí wákàtí kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A ti ránṣẹ́ ṣáájú, Ìyá sì ti ń ka orúkọ àwọn tí aṣọ kàn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni a ó lọ wo Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu ibodè àtijọ́ tí ó ṣẹ́kù lára odi ìlú, ilé alámọ̀ tí ilẹ̀kùn wà níwájú rẹ̀ tí òmíràn sì wà lẹ́yìn, tí yàrà sì wà níta. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther dé Kétu ní 1853, ìlú náà ṣì dúró digbí. Ní 1886 ni ọmọ ogun ìjọba Dànhọ̀mẹ̀ (Dahomey) tú u ká tí wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú, ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dànhọ̀mẹ̀ ni àwọn tí ó kù tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Ẹnu Ìyá ni mo fẹ́ kí a ti gbọ́ ọ níbẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá ń sọ ọ́, orúkọ èèyàn ni wọ́n ń dá, wọn kì í dá ọdún. A kò ní yà sí ààfin Alákétu, nítorí pé a kò tíì ránṣẹ́, a kì í sì í já wọ ilé ọba.

Láti Kétu sí Ṣábẹ̀ẹ́ ni àríyànjiyàn wà. Lórí àwòrán ilẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ wà lókè Kétu gan-an, fóònù sì ń tọ́ka ọ̀nà tààrà gba inú igbó. Awakọ̀ wa rẹ́rìn-ín nígbà tí mo fi hàn án. Ó ní erùpẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, pé ìgbọ̀nrìrì ni a ó fi kí àwọn àgbà. Ọ̀nà ọ̀dà yí lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó gba Zagnanado àti Covè dé Bohicon, kí ó tó gòkè lọ sí Ìdáàṣà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó la odò Wẹ̀mẹ̀ kọjá, nítorí pé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, Bohicon sì wà lódì kejì. Ó jìn gan-an, síbẹ̀ òun ni mo fara mọ́: àbúrò mi ń ka wákàtí, èmi ń ka ìgbà tí Ìyá yóò fọwọ́ di ìbàdí. Àǹfààní mìíràn ni pé ọ̀sán yóò bá wa ní Ìdáàṣà, ìlú tí wọ́n ń pè ní ìlú òkè 41, níbi tí iyán kò ti ṣòro rí, Bàbá kò sì ka oúnjẹ mìíràn sí oúnjẹ lójú ọ̀nà.

Àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ kì í kéde ara wọn. Àpáta ńlá ni wọ́n, tí ó yọ sókè lójijì láti inú pẹ̀tẹ́lẹ̀. A kò ní gun èyíkéyìí. Ohun tí a ń wá ni ibi tí mọ́tò lè súnmọ́, tí a lè gbé àga alákàpọ̀ méjì sí ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn máa ti ẹ̀gbẹ́ kan lu òkúta náà. Ti Bàbá ni ibùdókọ̀ ojú irin. Irin tí ó ti Kútọnù wá dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní 1911, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó dé Pàràkú ní àárín àwọn ọdún 1930. Bàbá Bàbá wa wà lára àwọn tí ń gbé ẹrù níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò rìn níbẹ̀ mọ́, ìyẹn kò sì dá Bàbá dúró láti béèrè bóyá wọ́n ṣì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìpadàbọ̀ kò ní àlàyé púpọ̀: Ìdáàṣà, Bohicon, Àlàdá, Calavi, Kútọnù, ilé. Calavi nìkan ni ó ń kọ mí lóminú, nítorí ìdènà ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ rẹ̀. Bí Ìyá kò bá pẹ́ jù nídìí òpeyìnbó Àlàdá, ó yẹ kí a ti kọjá ibẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde. Awakọ̀ ní kí a kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, Bàbá ní àwọn kò ní wọ ọkọ̀ láìmu ògì gbígbóná. Aago méje ni mo kọ sílẹ̀.