Láti Bàrígà dé Orí Òkè Ìdànrè: Èmi, Mọ́tò Mi àti Kámẹ́rà

Èkó ni wọ́n bí mi sí, Bàrígà ni mo dàgbà sí, òkúta tí mo mọ̀ láti kékeré ò ju gránáìtì tí típà máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tí ẹnì kan ládùúgbò bá fẹ́ ṣe dẹ́kìn, àtàwọn òkúta ràbàtà tí wọ́n fi dí òkun lọ́nà níbi tí Bar Beach wà nígbà yẹn. Wọ́n gbé àwọn yẹn náà wá ni, ilẹ̀ tiwa, iyanrìn àti omi ni. Tó o bá ń gba Third Mainland Bridge kọjá lówùúrọ̀ tó o wo apá ọ̀sà, kò sí nǹkan kan tó ga níbẹ̀ tí kì í ṣe èèyàn ló kọ́ ọ.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Òde àríyá ni, ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìsọmọlórúkọ, láti Ṣómólú dé Sùúrùlérè, àwọn Sátidé míì wà tí mo máa ya fọ́tò tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Iṣẹ́ yẹn fẹ́ kéèyàn yára, torí kó o tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ ìyàwó ti yíjú, ẹni tó ń náwó ti wọ àárín èrò lọ, o ò sì lè ní kó padà wá náwó náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń rí Òkè Ìdànrè lórí Instagram, tí mo ń sọ pé màá lọ, mi ò lọ. Níparí oṣù kẹwàá, oníbàárà kan sún òde ẹ̀ síwájú, Sátidé mi ṣófo, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

"Ìwọ nìkan?" Màmá mi nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. "Òkúta lo fẹ́ lọ yà? Ta ló fẹ́ sanwó ẹ̀?" Mo ní kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó. Wọ́n wò mí títí, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́, àmọ́ nígbà tí mo jí ní aago mẹ́rin ìdájí Ọjọ́bọ̀, mo bá mọ́ínmọ́ín ewé mẹ́rin nínú kúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì mi.

Mi ò gba Ìdànrè lọ tààrà. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi Olúmọ dán ọwọ́ mi wò torí ó sún mọ́ wa. Mo ti jáde ní Berger kí gòsílóò tó bẹ̀rẹ̀, mo kọjá ọjà màlúù Kárà nígbà tílẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, mo yà ní Ṣágámù, mo sì ti wà l'Abẹ́òkúta kí n tó jẹ mọ́ínmọ́ín kejì. Ìtàn Olúmọ, ọ̀pọ̀ wa ló kọ́ ọ nílé ìwé, bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe bá Ṣódẹkẹ́ dé ibẹ̀ ní 1830 nígbà tí ogun ń lé wọn kiri, tí wọ́n sá pa mọ́ sábẹ́ òkúta yẹn. Àmọ́ kéèyàn kà á nínú ìwé yàtọ̀ sí kó o bẹ̀rẹ̀ wọlé síbẹ̀ kí òkúta fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kàn ẹ́ lórí, kó o rí àwọn ihò róbótó tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lára òkúta fúnra ẹ̀, tó o sì rántí pé àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, pé ẹnì kan ń ronú ohun tí wọ́n máa jẹ lálẹ́. Mo pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo yà nínú ẹ̀.

Níta, mo ya bí igba, kò sí èyí tó dáa. Kámẹ́rà ò ṣe nǹkan kan o. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn dúró ṣánṣán lórí, òkúta ò ní òjìji kankan, ńṣe ló rí bí aṣọ tí wọ́n sá sílẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ jẹ láfún, mo padà gòkè nígbà tí aago márùn-ún kọjá. Òkúta kan náà, ojú kan náà tí mo dúró sí lọ́sàn-án, àmọ́ gbogbo ara ẹ̀ ti pọ́n, gbogbo ìlà tó wà lára ẹ̀ ti jáde bí ilà lẹ́rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà, àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ náà ń dán. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ọwọ́ òde àríyá ni mo gbé wá síbi òkúta. Òkè ò ní yíjú, kò ní wọ àárín èrò lọ, ìmọ́lẹ̀ ló ń lọ, òun lèèyàn ń dúró dè.

Ọjọ́ Jímọ̀ mo padà sí Ṣágámù, mo gba Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ, Oǹdó, Àkúrẹ́. Ọ̀nà jìn, àwọn ibì kan bàjẹ́. Mo kàn fẹ́ sọ fún obìnrin tó bá fẹ́ dá lọ: má wakọ̀ lálẹ́, má jẹ́ kí epo ẹ lọ sílẹ̀ kó o tó wá ibi tó o ti máa rà, kó o sì máa fi ibi tó o wà ránṣẹ́ sẹ́nì kan nílé láàárọ̀ lọ́sàn-án. Àbúrò mi ni mò ń fi tèmi ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp. Àmọ́ tó o bá ti kúrò l'Àkúrẹ́ tó o dorí kọ Ìdànrè, á, ẹ fún mi ní sùúrù kí n sọ ọ́. Wọ́n sá kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òórùn ẹ̀ kan díẹ̀ bí ọtí ẹmu àná, igbó wà lọ́tùn-ún lósì, ó ṣe díẹ̀ nǹkan dúdú kan yọ lókè igi, mo rò pé òjò ló ṣú. Òjò kọ́. Òkúta ni. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo pa mọ́tò, mi ò tiẹ̀ mú kámẹ́rà, mo kàn ń wò ó ni.

Bọ̀dá tó máa mú mi gòkè, mo ti bẹ̀ wọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ká tètè gbéra. Àtẹ̀gùn yẹn lé ní 600, ẹrù mi sì wúwo, kámẹ́rà, lẹ́ǹsì méjì, tripod tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, omi, níbi ìsinmi kejì ẹsẹ̀ mi ti ń gbọ̀n. Nígbà tá a dókè, kùrukùru bo gbogbo nǹkan. Mo gbé tripod kalẹ̀, mo jókòó tì í. "Àǹtí, ẹ ò ní yà á ni?" Mo ní ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i. A dúró bíi wákàtí kan, wọ́n ń sọ ìtàn fún mi, bí àwọn ará Ìdànrè ṣe gbé orí òkè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní 1923, pé bàbá bàbá àwọn wà lára àwọn tó ru ẹrù sọ̀kalẹ̀. Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, tàtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, kóòtù náà wà, ojú ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn wà lára òkúta, wọ́n ní kò sí bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe lè tóbi tó tàbí kó kéré tó tí kò ní bá a mu, àfi ti àjẹ́. Mo ki tèmi bọ̀ ọ́. Ó bá mi mu. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ Òkè Ìdànrè sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO fún ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ó ṣì wà lára àwọn tó ń dúró de kí wọ́n gbà á wọlé, ó sì dùn mí, torí ibi tí mo rí yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Gránáìtì ni gbogbo ẹ̀ o, irú èyí tí típà ń dà ní Bàrígà, èyí ni ò tíì fọ́. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti yọ́ bí irin tó wà nínú iná kó tó tutù, ó ti ju mílíọ̀nù 500 ọdún lọ, ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ ni òjò ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yọrí síta. Tó o bá sún mọ́ ọn wàá rí ibi tó ti ń bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Bí kùrukùru ṣe fẹ́ ká ni òjò dé. A sáré wọ abẹ́ òkúta kan, ibẹ̀ ni mo ti yọ̀, mo fi orúnkún gbálẹ̀, fílítà, gíláàsì tó bo iwájú lẹ́ǹsì mi, là sí méjì, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Àmọ́ bá a ṣe wà lábẹ́ yẹn, mo rí omi tó ń ṣàn lára òkè tó wà lódìkejì, àwọn ìlà dúdú gbọọrọ gbọọrọ tí mo ti ń rí látàná lára àwọn òkè yẹn, orí wọn gan-an ni omi ń gbà. Ojú ọ̀nà omi ni, ibẹ̀ náà ló máa ń gbà lọ́dọọdún, ewédò tó ń hù níbi tó bá ti tutù ló sọ ọ́ di dúdú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò dá, oòrùn yọ láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo ìlà yẹn ń kọ mànà. Mo yọ fílítà tó là yẹn kúrò, mo ní bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ dúró lọ́hùn-ún. Fìlà pupa ni wọ́n dé. Tí kò bá sí èèyàn nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá òkè ni tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tí mo sún mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú ni mo padà sí Èkó. Lọ́jọ́ Ajé mo gbé ìkẹta lọ tẹ̀ ní Ṣómólú, ńlá, mo sì gbé e kọ́ sí pálọ̀. Màmá mi gbé àga wá síwájú ẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n fi ìka kan ohun pupa kékeré yẹn, "Kí nìyí?" Mo ní èèyàn ni, mà. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún bọjú wo òkè yẹn látìsàlẹ̀ dókè.

"Àtẹ̀gùn tó o sọ yẹn, ṣé ibi téèyàn ti lè jókòó wà níbẹ̀?"

Mo ní márùn-ún ló wà, mà.